Kí Òjò Tó Dé, Kí Á Kan Páànù

Mo bọ́ sílẹ̀ nínú màrúwà létí títì Móníyà sí Ìṣẹ́yìn ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 15, oṣù Ẹ̀rẹ̀nà, ọdún 2025. Aago mẹ́jọ ti lù. Títì náà gùn ní kìlómítà 65, ọ̀dà rẹ̀ dán, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó di pákí dé góńgó ń já lọ já bọ̀ lórí rẹ̀. Ibi tí mò ń lọ kò sí létí títì. Ọlọ́kadà kan ló gbé mi yà sí ọ̀nà oko, eruku pupa sì dìde lẹ́yìn wa, ó bo ewé pákí lápá ọ̀tún, ó bo ebè tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbin nǹkan sí lápá òsì, ó wọ imú mi, ó wọ báàgì mi, ó wọ inú ìwé tí mo fẹ́ kọ nǹkan sí. A kọjá níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Èéfín igi àti òórùn kíkan omi pákí gba gbogbo ojú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ṣọ́bìrì.

Ìró ṣọ́bìrì níbi tí wọ́n ti ń po sìmẹ́ǹtì yàtọ̀ sí ìró ọkọ́ nínú oko. Ó ń ha ilẹ̀ ni, ṣààà, ṣààà, ẹni méjì kọjú síra wọn, ọ̀kan ń bù ú, èkejì ń dà á padà. Mi ò tíì rí ilé kankan, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé a dé.

Alága kọmítì ìkọ́lé, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ló wá pàdé mi. Lẹ́yìn "ẹ káàárọ̀, ẹ kú eruku", ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ ni pé kí n má dárúkọ abúlé wọn, kí n má sì dárúkọ ẹni mímọ́ tí wọ́n fi ń pe ìjọ wọn.

"Ẹni tó ta páànù fún wa láwìn, ó ń kàwé ìròyìn."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ báyìí: ìjọ Àgùdà kan ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, lábẹ́ Gabriel Lékè Abẹ́gúnrìn, ẹni tó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Ìbàdàn nígbà náà. Gbọ̀ngàn ni wọ́n ń kọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ti wà nílẹ̀ ní tirẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀hún ni alága kọ́kọ́ mú mi wọ̀, kí n lè rí ohun tó fa gbọ̀ngàn. Ògiri rẹ̀ funfun, páànù rẹ̀ ti dípẹtà, bẹ́ǹṣì rẹ̀ kò ní ẹ̀yìn. Òórùn àbẹ́là àti ti àdán ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Inú yàrá kan ṣoṣo yìí ni gbogbo nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀: Mísà, katikísímù àwọn ọmọdé, ìpàdé àwọn ìyá CWO, ìpàdé àwọn bàbá CMO, ìdánrawò akọrin. Bí ẹgbẹ́ kan bá wà nínú, àwọn tó kù á máa dúró lábẹ́ igi máńgòrò. Bí wọ́n bá ṣe ìgbéyàwó, orí ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n ti ń jẹun. Ìyá kan tó ń gbá ilẹ̀ gbọ́ ohun tí à ń sọ, ó nàró.

"Ẹ bi mí léèrè. Ìrẹsì ìgbéyàwó ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ló jiná. Omi kànga la fi sè é lẹ́ẹ̀kíní, omi òjò ló wá sè é lẹ́ẹ̀kejì."

A jáde sínú oòrùn. Aago mẹ́sàn-án péré ni, ooru ti ń mú kí etí gbóná. Ilé tuntun náà wà lápá kejì ọgbà, ó sì ga ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ó hàn pé ìyẹn ń dun Bàbá Katikísì, olùkọ́ ẹ̀sìn ìjọ náà, díẹ̀, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́ fún mi. Fèrèsé mẹ́fà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ilẹ̀kùn ńlá méjì níwájú, kékeré kan lẹ́yìn tó jáde sí ibi tí ilé ìdáná yóò wà lọ́jọ́ iwájú. Ògiri ti kọjá líńtẹ́ẹ̀lì. Igi òrùlé ti gun orí ìdajì ilé, ìdajì kejì ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ara ògiri yẹn ni mo pẹ́ sí jù. Ìlà búlọ́ọ̀kù mẹ́ta ìsàlẹ̀ ti dúdú, òjò ti sọ ọ́ di àwọ̀ ewé níbi tí oòrùn kì í dé. Mẹ́rin tó tẹ̀ lé e ní àwọ̀ eérú, ó le, èékánná kò ràn án. Lókè ìyẹn ni ìlà méjì kan wà tó pọ́n díẹ̀. Mo fi èékánná họ ọ́, yanrìn ya lulẹ̀, ó wọ inú bàtà mi. Lókè rẹ̀ ni àwọn tuntun wà, igun wọn mú, àwọ̀ wọn mọ́.

Alága na ìka sí i lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ìlà mẹ́ta ìsàlẹ̀ jẹ́ owó ìkórè ọdún 2019. Kòrónà dé, gbogbo rẹ̀ dúró. Mẹ́rin àárín jẹ́ ti 2022. Àwọn méjì tó pọ́n yìí jẹ́ ti oṣù Èrèlé, ọdún 2024.

Ẹni tó bá ń kọ́lé lásìkò yẹn kò ní gbàgbé. Àpò sìmẹ́ǹtì tí a ti ń rà ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà àti díẹ̀ fò sókè, ó kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ìjọba àpapọ̀ pe àwọn tó ń ṣe sìmẹ́ǹtì jókòó, wọ́n sì fẹnu kò sí ẹgbẹ̀rún méje sí mẹ́jọ. "A gbọ́ ọ lórí rédíò," ni alága wí. "Lórí rédíò náà ló ti parí." Àwọn ará ìjọ bá lọ ra búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ti mọ sílẹ̀ létí títì, torí pé ó dínwó. Birikila tó bá mọṣẹ́ á sọ fún ọ pé àpò sìmẹ́ǹtì kan kò yẹ kó mú ju nǹkan bí 30 sí 35 búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án jáde. Àwọn kan ń yọ 45 nínú rẹ̀, àwọn kan ń yọ 50. Ìlà méjì yẹn ni wọ́n fi mọ̀. Láti ìgbà náà, inú ọgbà ni wọ́n ti ń mọ tiwọn, lójú ara wọn.

Mo bi birikila tó ń kọ́ ilé náà bóyá wọn yóò yọ ìlà méjì náà kúrò.

"Pílà ló ń gbé òrùlé, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù. A ó rẹ́ ẹ, yóò dúró."

Bàbá Katikísì wo ògiri, kò fọhùn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì yanrìn, àwọn ọ̀dọ́ CYON tò láti ibi tí wọ́n ti ń po sìmẹ́ǹtì dé ẹsẹ̀ ògiri, wọ́n ń gbé abọ́ sìmẹ́ǹtì lé ara wọn lọ́wọ́, òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ ń tàn yanranyanran nínú oòrùn, ìyẹ̀fun sìmẹ́ǹtì ti bo irun ojú wọn, òógùn sì ti la ọ̀nà wẹ́wẹ́ lórí rẹ̀ dé àgbọ̀n. Wọ́n ń kọrin. Èdè orin náà ń yí padà. Yorùbá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ọmọkùnrin kan lẹ́bàá omi gbà á ní èdè mìíràn, gbogbo wọn sì dá a lóhùn láìdáwọ́ dúró.

Ẹni tó bá rò pé Yorùbá nìkan ló wà nínú ìjọ oko lágbègbè Ìbàdàn kò tíì wọ irú ọgbà yìí rí. Àwọn tó ń ro oko, tó ń kọ ebè ní Akínyẹlé, ní Lágelú, ní Ọ̀nà-Àrà, púpọ̀ nínú wọn ló ti Ìpínlẹ̀ Bẹ́núé wá. Àgàtú ni gbogbo ayé ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ Ìgẹ́dẹ̀ ni ọ̀pọ̀, Tífì sì wà níbẹ̀. Ìjọ Àgùdà ni púpọ̀ nínú wọn ti dàgbà nílé. Wọ́n dé, wọ́n wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe Mísà, wọ́n kún un. Ní ọgbà yìí, Ìgbò tó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà ní Móníyà wà níbẹ̀, Ègùn kan láti orílẹ̀-èdè Benin tó ń fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ṣòwò wà níbẹ̀. Mo bi ọmọkùnrin tó gba orin náà léèrè pé níbo ni ilé. Ó dá mi lóhùn ní Yorùbá ará Ìbàdàn tó já gaara: "Ibí ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ló ti Òjú wá."

Fada kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní àwọn ìjọ kéékèèké mìíràn tó ń bẹ̀ wò káàkiri oko, ìjọ yìí sì ti mọ́ ọn lára láti máa dá nǹkan ṣe. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní Èkó, kí fada kankan tó fìdí kalẹ̀, ọkùnrin kan tó ti jẹ́ ẹrú rí, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ló ń kó àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé jọ fún àdúrà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àlùfáà. Ọdún 1868 ni àwọn fada ẹgbẹ́ ajíhìnrere SMA tó jókòó sí Èkó. Ní Ìbàdàn, Òkè-Páàdì ni wọ́n fi orúkọ wọn sílẹ̀ sí, ibẹ̀ sì ni Kàtídírà wà títí dòní. Bàbá Katikísì tó ń fi bàtà rọ́bà rìn káàkiri pẹ̀lú okùn ìwọ̀n lọ́wọ́ kò mẹ́nu ba ìtàn yìí. Ó ń bi àwọn ọ̀dọ́ pé ta ló gbé ṣọ́bìrì kẹta.

Mo rí òkìtì ilẹ̀ pupa ńlá kan lẹ́yìn ilé, èyí tí wọ́n wú nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀. Koríko ti hù lórí rẹ̀. Mo béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Alága mí kanlẹ̀. Lọ́dún tí sìmẹ́ǹtì fò sókè yẹn, òun ló dá a lábàá pé kí wọ́n fi ilẹ̀ pupa náà mọ búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n kàn fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ lù ú. Ó ti rí i rí. Ní Sámọńdà, nínú ọgbà àwọn fada Dominican, Demas Nwoko, ayàwòrán ilé, fi ilẹ̀ tí wọ́n wú lójú ibẹ̀ àti sìmẹ́ǹtì díẹ̀ kọ́ ilé ìsìn kan ní àwọn ọdún 1970, ilé tí àwọn òyìnbó ṣì ń wá yà ní fọ́tò. Lọ́dún 2023 ni wọ́n fún Nwoko ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà níbi àfihàn iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Venice nítorí iṣẹ́ ayé rẹ̀.

"Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí lẹ sọ fún mi?"

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé abọ́ sìmẹ́ǹtì dáhùn láì yíjú padà: "A ní ilé alámọ̀ la ń gbé nílé, Bàbá. Kí á tún wá kọ́ ọ fún Ọlọ́run?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Alága náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò pẹ́. Ní tèmi, bí wọ́n bá fún mi láyè láti dìbò, ti alága ni ǹ bá dì.

Mo gun pákó tí wọ́n tò sórí ọparun lọ bá káfíńtà lókè. Ooru ibẹ̀ jẹ́ méjì: ti oòrùn lẹ́yìn ọrùn, ti ògiri lábẹ́ ẹsẹ̀. Òórùn Solignum ń ta mí nímú. Wọ́n ti fi í kun igi kọ̀ọ̀kan dúdú nítorí ikán, nítorí pé ní àdúgbò oko báyìí, igi tí kò bá mu oògùn kò ní rí ọdún kẹta. Ọjà pákó Bódìjà ni wọ́n ti ra igi náà. Káfíńtà ń fi ìṣó sẹ́nu, ó ń yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbá a wọlé, ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó dé orí. Láti ibẹ̀ mo rí gbogbo àyíká: oko pákí títí lọ, èéfín gàrí níbi mẹ́ta, ilé-kéú abúlé àti gbohùngbohùn rẹ̀, títì lókèèrè tí ọkọ̀ ń dán lórí rẹ̀. Lápá gúúsù, ìkùukùu ti ń kó jọ.

"Ẹ̀yin náà ẹ rí i," ni káfíńtà wí, ìṣó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Bí òjò bá bá igi yìí láìní páànù lórí, yóò lọ́. Igi tó bá ti lọ́, kò sí Solignum tó ń tọ́ ọ."

Mo béèrè iye páànù tó wà nílẹ̀. Kò tó ìdajì.

Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, oúnjẹ ti ń jiná lábẹ́ ìbòòji tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe. Ìkòkò dúdú méjì lórí àdògán, ẹ̀wà nínú ọ̀kan, ọbẹ̀ ata nínú èkejì, epo pupa ń ta sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn ìyá CWO jókòó sórí àpótí, ojú wọn ń ṣomi nítorí èéfín àti àlùbọ́sà. Lọ́dún náà, ààwẹ̀ méjì pàdé: Rámádáànì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Ẹ̀rẹ̀nà, Ọjọ́rú Eérú bọ́ sí ọjọ́ karùn-ún. Àwọn Àgùdà ń gba ààwẹ̀ tiwọn ní ìwọ̀n, wọn á jẹun díẹ̀ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́. Birikila kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan títí oòrùn yóò fi wọ̀, nítorí Mùsùlùmí ni. Ìyá tó ń ro ẹ̀wà ti bu tirẹ̀ sínú kúlà, ó ti dé e. "Yóò gbé e lọ sílé fún ìṣínu," ó ní.

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún ní aago méjìlá. Ṣọ́bìrì dákẹ́. Káfíńtà yọ ìṣó lẹ́nu. Wọ́n dúró síbi tí kálukú wà, pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́, wọ́n gba àdúrà Áńjẹ́lọ́ọ̀sì. Bàbá Katikísì fi àdúrà kan kún un fún Póòpù Francis, tó wà ní ilé ìwòsàn Gemelli ní Róòmù nígbà náà, láti ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé. Àmín náà lọ sókè. Ṣọ́bìrì tún bẹ̀rẹ̀. Ó dín díẹ̀ ní aago kan nígbà tí gbohùngbohùn ilé-kéú pe ìrun, birikila fọ ọwọ́ dé ìgúnpá nínú omi tí wọ́n fẹ́ fi po sìmẹ́ǹtì, ó tẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì méjì tó ti ṣófo sí ẹ̀yìn ògiri tí òun fúnra rẹ̀ kọ́, ó kí ìrun rẹ̀. Kò sí ẹni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ Àgùdà, João Baptista da Costa, ló kọ́ mọ́sáláásí Shitta-Bey l'Ékòó tí wọ́n ṣí ní 1894. Lámídì Fákẹ́yẹ, Mùsùlùmí, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìsìn Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kí ló tún kù tí a fẹ́ máa wò?

Lẹ́yìn oúnjẹ, ìpàdé owó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ máńgòrò. Akọ̀wé ṣí ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì fún mi láyè láti wo inú rẹ̀. Owó díẹ̀ ni a fi náírà kọ síbẹ̀. Àpò gàrí ló pọ̀ jù. "Ìyá Báyìí, àpò 1." "Ẹgbẹ́ Ìgẹ́dẹ̀, àpò 6." "Ọ̀dọ́, owó iṣẹ́ oko, ọjọ́ Àbámẹ́ta méjì." Àwọn ọ̀dọ́ yẹn ti lọ kọ ebè fún olóko kan, wọ́n sì mú owó iṣẹ́ náà wá. Báyìí ni ilé náà ṣe ń ga. Bí pákí bá lówó lórí, ògiri á gòkè. Bí ó bá já wálẹ̀, wọ́n á dúró, búlọ́ọ̀kù á sì máa dúdú nínú òjò.

Ìyá tó jẹ́ alága CWO ló kọ́kọ́ gbé ohùn sókè.

"Bàbá Alága, ẹ bá wa ka iye tó wá látọwọ́ àwọn obìnrin."

Akọ̀wé kà á. Ó ju ìdajì lọ.

"Níbo ni ilé ìdáná wà nínú àwòrán?"

"Lẹ́yìn, Mà."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn ló wà. Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọ?"

Alága ní lẹ́yìn òrùlé, lẹ́yìn rírẹ́, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá náà kò bú u, kò pariwo. Ó na ọwọ́ sí àdògán tí èéfín rẹ̀ ṣì ń rú sí gbogbo wa lójú, ó ní kí àwọn ọkùnrin wá jókòó sí ibẹ̀ fún wákàtí kan péré, kí wọ́n tó tún pè é ní ẹ̀yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Atẹ́gùn dé lójijì. Ó gbé eruku, ó gbé àpò sìmẹ́ǹtì òfìfo, ó gbé ewé máńgòrò gbígbẹ lé ìwé akọ̀wé lórí. Káfíńtà ti ń sọ̀kalẹ̀. Àwọn ọmọ sáré fa tapọ́línì bo sìmẹ́ǹtì, ẹnì kan gbé òkúta lé igun rẹ̀, òórùn ilẹ̀ tútù sì ti ń bọ̀ láti ìhà Móníyà. Òjò kán bíi mélòó kan sórí páànù ṣọ́ọ̀ṣì. Kò rọ̀.

Alága fà sẹ́yìn, ó tẹ fóònù rẹ̀, ó gbé e sí etí, ó sì gbé e síta kí gbogbo ìpàdé lè gbọ́. Ọlọ́páànù ni. Ó ní páànù tó kù wà nílẹ̀, ó ti gé e ní ìwọ̀n, òun lè gbé e wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n ìdajì gbèsè àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wọlé kí ọkọ̀ òun tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Gbogbo ojú lọ sọ́dọ̀ ìyá CWO. Ó ní àpò gàrí mọ́kànlá wà nílé òun, ti ẹgbẹ́ ni, ọjọ́ ọjà sì ku ọ̀túnla. Àwọn lè tà á. Kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn yá òrùlé ni, àwọn kò fi í tọrẹ, àti pé owó ìkórè tó ń bọ̀, ìpìlẹ̀ ilé ìdáná ni yóò kọ́kọ́ wọ̀.

Alága ní kí akọ̀wé kọ ọ́. Akọ̀wé wo Bàbá Katikísì. Katikísì ní, "Kọ ọ́." Ìyá náà dúró lẹ́yìn akọ̀wé títí tó fi kọ ọ́ tán, ó ní kó kà á síta, ó gba bírò, ó buwọ́ lù ú.